Wọ́n Fẹ́ Yọ Ìyá Rẹ Nípò Alága Omi

Ọmọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nàró,

Mo kí ọ, mo kí bàtà ẹsẹ̀ rẹ, mo kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ọ jí lójú kan níbi tó o wà. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kó o tó jáde, àbí o ṣì ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù sódì bíi ti àtijọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ìlú ńlá lò ọ́ gbó. Èmi ń bẹ, ilé ń bẹ. Adìyẹ méjì tó o mọ̀ ti di ẹyọ kan, èyí tó kù sì ti ń dá nìkan sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé: wọ́n fẹ́ yọ mí nípò. O mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí àdúgbò ti fi mí ṣe alága ẹ̀rọ omi, torí pé ilé mi ló sún mọ́ ọn jù, wọ́n sì ní kò síbi tí mò ń lọ. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ní kí n ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ láàárọ̀, kí n tì í nírọ̀lẹ́. Èmi wá ń tì í láàárọ̀, mò ń tì í lọ́sàn-án, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí aṣọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ omi, kó wá kanlẹ̀kùn mi. Tó bá kan án, ṣé mi ò ní ní kó jókòó ni? Tó bá jókòó, ṣé mi ò ní béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀ ni?

Alágbàfọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni inú bí. Ó ní kóun tó rí korobá omi kan, òun á ti wo fọ́tò rẹ méjìlélógún, òun ti mọ ọjọ́ tó o hu eyín àkọ́kọ́, aṣọ àwọn oníbàárà òun á sì ti gbẹ mọ́ ọṣẹ. Àsọdùn ni. Fọ́tò rẹ ò ju mẹ́rin lọ.

Tíṣà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ló mú ìwé náà wá, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, orúkọ mi wà lókè gàdàgbà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí ni, mo fi há ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ. Ọjọ́ kejì ló padà wá ṣàlàyé pé ẹ̀sùn ni. Ó ní wọn kì í dédé yọ alága torí pé inú ń bí èèyàn sí i. Ohun mẹ́ta péré ni òfin gbà: kó rú ìwé òfin, kó hùwà àìtọ́ tó burú jáì, tàbí kí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ má lè gbé iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí ẹni méje tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wádìí rẹ̀ lójú mi, kí n sì fẹnu ara mi dáhùn kẹ́nikẹ́ni tó dìbò. Mo ní kó tún ibi ẹni méje yẹn kà. Ó tún un kà. Mo bi í níbi tí wọn yóò jókòó sí. Ó ní nítorí orúnkún mi, ilé mi ni.

Ẹni méje, ọmọ mi. Látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ẹni méje ò tíì jókòó pọ̀ nínú pálọ̀ yìí. Mo gbálẹ̀ títí sìmẹ́ńtì fẹ́ẹ̀ bó. Mo yá bẹ́ǹṣì méjì lọ́wọ́ káfíńtà. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí yóò gbèjà mi síbẹ̀. Mo kọ tìrẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí ọ, mo kọ ọ́ pé tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún èmi náà.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mò ń ti ilé omi pa. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó pa ìwé dé, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, gbogbo wọn sì dìde. Mi ò tíì jókòó pẹ̀lú wọn tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ni mo bá ní kí wọ́n dúró, ó ku ẹ̀ṣẹ̀ kan. Mo jẹ́wọ́ pé mo máa ń sùn nípàdé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn á wádìí rẹ̀ lọ́la. Nígbà tó dọ̀la, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo sọ òkò sórí páànù ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Lọ́túnla, mo ní ojú dídì ni mo fi buwọ́ lu gbogbo ìwé ọdún tó kọjá. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di mọ́kàndínlógún. Tí wọ́n bá ní èmi ni mo gbé òṣùpá pamọ́, ibi tí n ó ti tẹ̀ka ni ǹ bá bi wọ́n. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ dá wá lọ́jọ́ kan láti yẹ ọpọlọ mi wò, torí pé òfin sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Mo ní ọjọ́ tẹ́ ẹ wá ni. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Tíṣà máa ń gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kó lè gba ohùn wa sínú. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ tèmi. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ń rọra bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má tíì lọ. Àánú obìnrin náà ṣe mí, mo dá a lóhùn pé kó fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan. Tíṣà rọra pa fóònù náà.

Nírọ̀lẹ́ àná, alágbàfọ̀ dìde. Ó ní, “Màmá, èmi tí mo fẹ̀sùn kàn yín ò mọ ìdajì ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ta ló kan ilẹ̀kùn yín kẹ́yìn tí kò gbé korobá dání?” Mo ní ìyẹn ò sí nínú ẹ̀sùn. Nọ́ọ̀sì pa ìwé dé, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Sátidé ni ìdìbò. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹgbẹ́ bá nawọ́ sókè, kọ́kọ́rọ́ lọ nìyẹn. Ilẹ̀kùn omi á ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á máa kọjá níwájú ilé mi, wọ́n á máa juwọ́ sí mi. Ẹni tó ń juwọ́ kì í jókòó.

Mo ti wá ka ìwé òfin yẹn dé ojú ewé ìkẹyìn tí eku jẹ létí. Ó ní bí ẹ̀sùn tuntun bá wọlé kí wọ́n tó dìbò, ìwádìí á bẹ̀rẹ̀ látorí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó sọ ọ́ lójú ẹni tó fẹ̀sùn kàn. Kì í ṣe lórí fóònù, kì í ṣe nínú lẹ́tà. Ṣé ìwọ ò ní ẹ̀sùn kankan sí mi ni? Rò ó wò dáadáa. Mo nà ọ́ nígbà kan nítorí abọ́ tí èmi fúnra mi fọ́. Bí ìyẹn ò bá tó, lọ́jọ́ tó ò ń lọ, o dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àpò, o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbọ́. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, mò ń pọn omi tí a ò nílò, torí mi ò fẹ́ kó o rí ojú mi. Mi ò wá sìn ọ́ sọ́nà. Ìwà àìtọ́ tó burú jáì nìyẹn, kò sí ìgbìmọ̀ tó máa dá mi láre. Wá sọ ọ́ lójú mi. Mi ò ní jiyàn.

Owó tó o fẹ́ fi rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá bá ọ lóṣù yìí, fi wọkọ̀. Tó bá ṣẹ́ kù, mú díẹ̀ dání fún bẹ́ǹṣì káfíńtà tó kán lábẹ́ àwọn aṣèwádìí mi, àti fún bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Tí kò bá ṣẹ́ kù, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọ̀nà ò ní nà ọ́. Ẹni tó o bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ á máa wà nílé. Èmi wà nílé. Má wulẹ̀ kan tèmi, mi ò tì í rí. Ti omi nìkan ni mò ń tì.

Èmi ìyá rẹ,
Alága títí di Sátidé.