Bí Ọkọ Mi Ṣe Fi Ọṣẹ Fọ Béárìn

                                                  Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Ìfọṣọ Wa,
                                                  Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Okùn Ìsáṣọ,
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ìyá wa tó ń wú, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ara le, ẹ̀rọ ni kò le.

O rántí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá tí a rà nígbà tí dókítà ní n kò gbọdọ̀ fún aṣọ mọ́ nítorí ọrùn ọwọ́ mi. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú béárìn rẹ̀, irin roboto tó ń jẹ́ kó yí geere, ló ya, ni ẹ̀rọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro díẹ̀díẹ̀. Mo ní ká pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Olówó orí mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ìyẹn mọ̀ tí òun kò mọ̀.

Ó tú u. Ó rí àwọn irin róbótó inú béárìn, gírísì dúdú bò wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi, alágbàfọ̀ kì í rí dúdú kó má fọ̀ ọ́. Ó po ọṣẹ sómi gbígbóná, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì họ ọ́ títí ó fi ń dán, ó ṣan án, ó sì sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀sẹ̀ àwọn oníbàárà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ó wá fi òòlù gbá a padà sáyè rẹ̀. Rọ́bà tó ya ńkọ́? Ó fọ ìyẹn náà, ó dá a padà.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, a kì í gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Mo ní ẹ̀rọ yìí ń ké o. Ó na àyà, ó ní, "Kì í ké. Orin ló ń kọ."

Orin náà parí lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú aṣọ ìbùsùn ilé ìtura kan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ dún gbàù, ó gan, kò yí mọ́. Nígbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ yọ béárìn náà, ó ti dípẹtà, ara àwọn irin róbótó ti dá ihò, òmíràn ti là. Ó ní gírísì ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin, òun ló sì ń lé omi sẹ́yìn. Ó wò wá lójú, ó ní, "Ta ló fọ̀ ọ́?" Mo kàn wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù.

Béárìn náà ti ba ọ̀pá tó gbé e dúró jẹ́, a ṣì ń wá òmíràn. Inú bí mi gan-an, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọwọ́ mi ni ẹ̀rọ yẹn. Mo sọ fún olówó orí mi pé n kò ní fún aṣọ ìnura kan ṣoṣo, mo sì káwọ́ gbera. Eérú ti tọ ẹni tó dà á.

Bá mi kí ìyá wa. Kí ọkọ rẹ náà, kó o sì gbé ọṣẹ pa mọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa tó o.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, olówó orí mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ó ń fún aṣọ ìbùsùn. Bó bá nàró, á di ìbàdí mú, á kérora. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, ó ní kí ló ń ké níbí. Mo ní kì í ké, orin ló ń kọ.

                                                  Èmi ni tìrẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ,
                                                  Ìyàwó Alágbàfọ̀.