Ojú Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Mọ́ńdè, 4 Nòfẹ́ńbà 2024

A ti dé Òkè-Ìrókò. Èmi ò fẹ́ wá o. Màmá mi ló ní n kò lè jókòó sílé ní Ìgbóǹà l'Óṣogbo kí n máa tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pé ẹni tó bá ti fi ìwé sílẹ̀ ní SS2 gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan, kí n yáa tẹ̀ lé bàbá mi. Bàbá mi, Mùíbì bírìkìlà. Ère sìmẹ́ǹtì gan-an ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Kìnnìún ẹnu géètì, áńgẹ́lì iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kó wá tún ère ológun kan ṣe nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, wọ́n máa ṣí i ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò síná. Orí àpáta kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Ère náà: ọkùnrin kan lórí òkìtì òkúta, ìbọn lọ́wọ́, ọkọ́ léjìká. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti pọ̀ débi pé kò lójú, kò nímú mọ́. Orí bí ìkòkò. Mo ti sọ ọ́ ní Bọ̀dá Olọ́dà.

Túsìdè, 5 Nòfẹ́ńbà

Iyán lọ́sàn-án. Iyán lálẹ́. Ilé, "ulé" ni wọ́n ń pè é níbí. Inú ń bí mi.

Wẹ́sìdè, 6 Nòfẹ́ńbà

Bàbá Cornelius ló ń tọ́jú orí òkè yìí, àgbà ìjọ ni. Ó jókòó lórí òkúta lónìí, ó ń sọ ìtàn ère náà fún bàbá mi. Mo ń ṣe bí ẹni ń tẹ fóònù. Fóònù ti kú láti àná. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

Ó ní nígbà ogun Kírìjì, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì fi bá Ìbàdàn jà, ogun ńlá ti lọ síwájú, kò sẹ́ni tó kù nílé ju àwọn àgbẹ̀ lọ. Ìròyìn dé pé ọ̀tá ń gba ẹ̀yìn òkè yìí bọ̀. Ọba ò rán ẹnikẹ́ni. Balógun ò ránṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ yẹn kàn dìde fúnra wọn. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ wọn dòní nìyẹn: A-ò-rán-wọn.

Kí wọ́n tó gòkè, oníkálukú ṣá ọkọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ padà, kó wá yọ tirẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ọkọ́ ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ò kọjá. Àwọn ìyàwó wọn ò gbé ọkọ́ wọ̀nyẹn relé. Òkúta ni wọ́n kó lé e. Òkìtì yẹn ni Bọ̀dá Olọ́dà dúró lé. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ọmọ wọn mọ ère sórí rẹ̀. Látìgbà náà, ọdọọdún ni ọlọ́lá kan máa ń ra ọ̀dà. Èyí kùn ún ní funfun, ìyẹn ní pupa. Olóṣèlú kan tiẹ̀ fi àwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀.

N kò lè sùn. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Èmi tí wọ́n bá ní kí n lọ pọnmi, mo máa kùn títí omi á fi dé ilé.

Ọkọ́ wọn ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀.

Fúráìdè, 8 Nòfẹ́ńbà

Ìjà. Bàbá mi ní kí n gun àkàbà, kí n bá òun ha ọ̀dà orí ère. Mo ní èékánná mi ńkọ́. Ó ní èékánná wo? Mo ní èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní Òṣogbo. Ó wò mí, ó gun àkàbà náà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù. Mo bínú, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù. N kò padà títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo gòkè, Bọ̀dá Olọ́dà ti lójú.

Ó lójú, ó nímú, ètè rẹ̀ dì pinpin bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè. Ó wù mí débi pé mo gbàgbé ìbínú. Àfi ìgbà tí mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ilà. Gọ̀m̀bọ́ ni, ilà àwọn Ọ̀yọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ etí, ó yí wá sẹ́nu. Ilà ojú bàbá àgbà mi gẹ́lẹ́, ẹni tó kú ní Ràmàdánì tó kọjá.

Bàbá mi ní, "Abẹ́ ọ̀dà ni mo bá a, Kífáyà." Kẹrosíìnì ló fi rẹ ọ̀dà, ó di ẹrẹ̀, ó fi bírọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n nù. Ó ní ilà náà ti fẹ́ pa rẹ́, òun fi ìṣó tọ ipa rẹ̀, òun wá fi sìmẹ́ǹtì tútù dán an.

Mo ní ó dáa.

Sátidé, 9 Nòfẹ́ńbà

Wàhálà ti dé. Bọ̀dá Jùwọ́n, olórí àwọn ọ̀dọ́ (Bọ̀dá Dúdú-Lójú ni mo ń pè é, torí gíláàsì dúdú tí kì í bọ́), ló kọ́kọ́ rí i. Ó pe àwọn yòókù. Wọ́n yí ère ká. Ọ̀kan ní àwọn sọ pé kí bàbá mi tún baba àwọn ṣe, bàbá mi gbé baba tirẹ̀ síbẹ̀. Òmíràn ní bóyá ará Òṣogbo ṣì ń ti Ìbàdàn lẹ́yìn láti bá Ìjẹ̀ṣà jagun ni, ogun ti tán o, kí ẹnì kan sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun ò kọ ọ́, òun bá a níbẹ̀ ni. Bàbá Cornelius ní láti ìgbà tóun ti wà lọ́mọdé, ọ̀dà nìkan lòun mọ̀ lójú ère náà. Bọ̀dá Dúdú-Lójú wá béèrè, kò tiẹ̀ pariwo: "Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ha á?"

Bàbá mi wojú mi.

Mo wolẹ̀.

Wọ́n ní kó fi sìmẹ́ǹtì dí ilà náà kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á pe bírìkìlà míì, àwọn á sì ròyìn rẹ̀ dé Òṣogbo pé ó bú àwọn òkú àwọn. Bàbá mi ní òun ò lè fi ọwọ́ òun pa ojú ẹni tó kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an rẹ́.

Mọ́ńdè, 11 Nòfẹ́ńbà

Kò jẹun. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Túsìdè, 12 Nòfẹ́ńbà

Ìwé mi, ìwọ nìkan ni mo lè sọ fún. N kò gbà á gbọ́.

Gbogbo nǹkan tí bàbá mi bá mọ ló máa ń jọ bàbá àgbà. Kìnnìún tó mọ sí ẹnu géètì kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ojú bàbá àgbà ló wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà máa ń kí i pé ẹ káàárọ̀, Àlàájì. Áńgẹ́lì ṣọ́ọ̀ṣì náà, bàbá àgbà tó ní ìyẹ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ojú míì. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yẹn náà ló tún ṣiṣẹ́?

Ká ní mo wà níbẹ̀, ǹ bá ti mọ̀.

Wẹ́sìdè, 13 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ bá Bàbá Cornelius. Mo kúnlẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́kọ́ kun ère yẹn. Ó ronú títí. Ó ní olóògbé ni, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì wà n'Íléṣà, Mọ̀mọ́ Oyèṣọlá. Ó ní Jùwọ́n á fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ. Jùwọ́n ní lásán ni. Bàbá Cornelius ní kó gbé mi lọ sí lásán náà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mọ̀mọ́ yẹn bá ní kò sí ilà ńkọ́?

Tọ́sìdè, 14 Nòfẹ́ńbà

N kò sọ ohun tí a bá lójú ère fún mọ̀mọ́. Mo ti bẹ Bọ̀dá Dúdú-Lójú lọ́nà pé kí òun náà má sọ. Mo kàn bi í bí ojú ère ṣe rí kí wọ́n tó kùn ún.

Mọ̀mọ́ ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Gọ̀m̀bọ́ mà ni, ọmọ mi. Ta ló tún fẹ́ mọ ìyẹn?"

Bọ̀dá Dúdú-Lójú ní mọ̀mọ́, báwo ni ilà Ọ̀yọ́ ṣe dé ojú ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Oríkì ilé wọn ni mọ̀mọ́ kàn bẹ̀rẹ̀ sí kì, ohùn rẹ̀ wálẹ̀:

Ọmọ a-kolà-Ọ̀yọ́-wálé,
wọ́n gbé e lọ lọ́mọ ọwọ́,
ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀.
Ilé ní àwọn ò mọ ojú,
òkè ní òun mọ ọkàn.

Ó wá ṣàlàyé. Wọ́n kó ọmọ náà lẹ́rú ní kékeré. Ẹni tó rà á kọ ilà ilé tirẹ̀ fún un. Ó dàgbà, ó sá padà wálé, àwọn ará ilé sì ń sá fún un nítorí ojú ọ̀tá tó gbé wá. Lọ́jọ́ A-ò-rán-wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó dúró ti òun. Òun ló kọ́kọ́ ṣá ọkọ́ mọ́lẹ̀. Òun ló ṣáájú gòkè. Ó ṣubú níbẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iwájú ni ọta ti bà á ni àbí ẹ̀yìn. Àwọn tó mọ ère ní ojú rẹ̀ ni kó dúró fún gbogbo wọn.

Mo ní ta ló wá kùn ún.

Ó ní, "Bàbá mi ni. Ojú ló ń tì wọ́n nítorí ilà yẹn. Ẹfun ni wọ́n fi bò ó. Àwọn tó kùn ún lẹ́yìn wọn rò pé ẹ̀yẹ ni."

Bọ̀dá Jùwọ́n bọ́ gíláàsì. N kò ní pè é ní Dúdú-Lójú mọ́.

Sátidé, 16 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ṣí i. Ilà wà lójú rẹ̀ gbangba. Bọ̀dá Jùwọ́n ló sọ ìtàn náà níwájú èrò. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Àwọn ọ̀dọ́ yòókù tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn tí èrò ti túká, bàbá mi ní, "Kífáyà, ṣé o gbà mí gbọ́?"

Mo fẹ́ purọ́. Mo ní rárá, bàbá mi, ẹ má bínú.

Ó ní, "Èmi náà ò gba ara mi gbọ́ tán. Bí ọ̀dà ṣe ṣí tí mo rí ojú bàbá mi, mo ní ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ló tún ń wá a kiri báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ jẹun. Iyán ni. Mo jẹ ẹ́ tán.

Sọ́ńdè, 17 Nòfẹ́ńbà

A ń padà sí Òṣogbo lónìí. Bàbá mi ní kí n bá òun tú àkàbà kúrò. Kí n tó tú u, mo gùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo fi ọwọ́ tọ ilà náà láti ẹnu rẹ̀ lọ sókè títí dé ẹ̀yìn etí, níbi tí bírọ́ọ̀ṣì bàbá mi ò dé. Ìbẹ̀rẹ̀ ilà wà níbẹ̀. Ẹfun funfun di inú rẹ̀ pa, èyí tí bàbá Mọ̀mọ́ Oyèṣọlá fi bò ó.

Láti ọjọ́ Fúráìdè yẹn ló ti wà níbẹ̀. Àkàbà nìkan ló yẹ kí n gùn, ǹ bá ti rí i.

Mo fi èékánná ha á díẹ̀ kó lè dá mi lójú. Èékánná náà kán. Mo fi ìyókù ẹfun sílẹ̀ síbẹ̀, mo sì ké pe bàbá mi pé kí wọ́n gòkè wá wò ó.