Òórùn Ápù Nínú Ìkòkò Oníyanrìn

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

"Ta ló ní kó o se oúnjẹ òkú nínú ulé mi? Dà á nù! Dà á nù, kí n tó dà á sí ẹ lára!"

Àǹtí ló pariwo bẹ́ẹ̀, ìyàwó tí Dádì fẹ́ lẹ́yìn ikú Mọ́mì. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ápù àti búrẹ́dì lásán ni mo yan. Inú ìwé ìtàn tó máa ń kà fún mi ni Mọ́mì ti rí i: ọmọ kan ń yan án de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ò padà wálé mọ́. A ò ní ófùn, iyanrìn gbígbóná ni Mọ́mì máa ń gbé agolo rẹ̀ lé nínú ìkòkò. Ṣúgà á jóná díẹ̀ létí, gbogbo ilé á máa ta sánsán.

Dádì ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fa òórùn náà símú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbẹ̀ní, o ti dé?"

Orúkọ Mọ́mì nìyẹn. Àǹtí sì wà lẹ́yìn mi.

Àǹtí ṣì ń sunkún ní yàrá. Èmi ni mo fà á, mo mọ̀, àmọ́ Dádì ò pe orúkọ yẹn rí látìgbà tí wọ́n ti sin ín. Gbogbo èèyàn ló ní ohùn Mọ́mì ni mo jogún. Ó kù díẹ̀ kí n dáhùn...

Lọ́jọ́ tí Àǹtí bá lọ kí ìyá ẹ̀ ní Ìjan, màá tún un yan. Tí Dádì bá tún pe Àbẹ̀ní, màá dá a lóhùn.