Èéfín Mọ́tò Yín àti Ìbéèrè Màmá

Bàbá mi tó lọ,

Mọ́tò yín rú èéfín títí ọyẹ́ fi parí. Bí mo ṣe ń gun òkè kan bọ̀ láti Ṣakí lọ́jọ́ kan, mo wo dígí, n kò rí ọ̀nà lẹ́yìn mi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń rú dé Ìsẹ́yìn.

Mẹkáníìkì fẹ́ tú gbogbo ẹ́ńjìnì sílẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù. Èéfín náà kò dúdú bí ìgbà tí epo dísẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ jù, kò sì funfun bí ìgbà tí omi bá wọ ẹ́ńjìnì. Ó rí bí aró tí wọ́n bu omi là, ìyẹn ni pé ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ rántí tọ́bò, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì. A tú rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì sì ṣàn sí wa lọ́wọ́. Ọ̀pá àárín tọ́bò ti ń mì, ọ́ìlì tó jóná sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wá fún un. A pààrọ̀ ọ̀pá, síìlì tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, àti páìpù, a fọ rọ́bà. Èéfín dáwọ́ dúró.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Bí mo bá ti délé ni mo máa ń pa ẹ́ńjìnì, nígbà tí tọ́bò ṣì gbóná janjan. Ọ́ìlì tó yẹ kó mú un tutù á dúró, á jóná mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, ẹ́ńjìnì á máa kùn títí tọ́bò á fi rọlẹ̀, oúnjẹ á máa tutù. Màmá á yọjú lójú fèrèsé: “Bàbá Dúpẹ́, ṣé kí n gbé ọbẹ̀ wá bá yín níbẹ̀ ni, àbí ẹ ń dúró de èrò?” Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín. Màmá kì í bá wa rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a tún un ṣe, mo ṣàlàyé fún Màmá ìdí tí ẹ fi máa ń jókòó. Wọ́n gbé iṣu tí wọ́n ń bẹ sílẹ̀.

“Gbogbo ọdún yẹn, mo rò pé èmi ni bàbá yín kò fẹ́ wọlé wá bá.”

Wọ́n tújú ká bí mi ò ti rí i rí láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí nǹkan.

“Mọ́tò funfun tí bàbá yín kọ́kọ́ ní ńkọ́? Ṣé òun náà ní tọ́bò?”

Kò ní, Bàbá. Mọ́tò pẹtiróòlù lásán ni. Ẹ sì máa ń jókòó sínú òun náà. Kí lẹ ń rò níbẹ̀? Ṣé ó rẹ̀ yín ni? Ṣé nítorí tiwa ni?

Mo sọ fún Màmá pé ó ní. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n ń bẹ iṣu wọn lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò bi yín nígbà tí ẹ lè dáhùn.