Ojú Bàbá Tí N Kò Rí Yà

Sabon Tasha,
Kàdúná.

Ẹ̀gbọ́n mi Olúdayọ̀,

Ẹ kú ìfaradà òtútù Kánádà. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ní kí n kí gbogbo yín. Oògùn tí ẹ fowó rẹ̀ ránṣẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ojú wọn ọ̀tún ti fọ́, tòsì náà ti ń ṣú, dókítà ní sai haƙuri, àfi ká ṣe sùúrù. Àgbàrá tó wọlé lóṣù kẹjọ sì ba gbogbo fọ́tò olóògbé Bàbá wa jẹ́, kò ku ẹyọ kan.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Màmá ní kí n ya Bàbá fún àwọn kí ojú òsì náà tó lọ. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde òní lórí fóònù, àwọn tó ń ya ojú èèyàn. Ara wọn ni mo ti kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn lára awọ dúdú, àti bí a ṣe ń fi èédú ya ìpéǹpéjú. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ya Bàbá. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn inú àwòrán tiwọn ni mo ń yà, kì í ṣe Bàbá. Màmá gbé e sún mọ́ imú, wọ́n ní, “Ó mà dára o. Ta ni?”

Mo rò pé èmi náà ti gbàgbé ojú Bàbá.

Gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀yin lẹ jọ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fá irùngbọ̀n yín, kí ẹ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ má rẹ́rìn-ín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó yà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà jíjìn sọ wá di àjèjì síra wa. N kò rò pé màá rí Bàbá yà mọ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá tún bi mí pé ta ni, màá ní ọmọ wọn ni, n kò sì ní purọ́.

Àbúrò yín,
Moyinọlá