Ọpọlọ Mọ́tò Tí O Fi Ránṣẹ́

Ògoolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá yín gbé nínú ilé náà. Ara wa le, a dúpẹ́, òjò ń rọ̀, ewúrẹ́ funfun yẹn ti bí ìbejì. Ọlọ́run tó mú ọ láti Emùré dé Èkó kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ Èkó gbé ọ mì. Ìkíni parí síbẹ̀. N kò ní kì ọ́ ní oríkì rẹ lónìí, torí pé inú ń bí mi, ó sì ń bí mi gidi. Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni kọ ọ́, kí wọ́n má bàa bu ṣúgà sí ọ̀rọ̀ mi. Bí o bá rí i pé mo kọ ulé níbi tí tíṣà ní kí a kọ ilé, ìbínú ló fà á.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò akẹ́rù tí o rà fún bàbá rẹ ni. Nígbà tí mọ́tò àtijọ́ wà, bí ó bá yọwọ́, bàbá rẹ á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi òkúta lù ú lábẹ́, á sì dáhùn. Ìwọ lo ní ó ti gbó. Ìwọ lo ní kí a tà á, o wá fi èyí tó ní ọpọlọ ránṣẹ́ sí wa. Ta ló bẹ̀ ọ́ ní mọ́tò tó ń ronú? Gaàrí ni kó gbé láti Emùré dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ní Ìkẹ́rẹ́, kó sì padà wálé. Kí ni ìrònú ibẹ̀?

Iná kékeré kan ló kọ́kọ́ ń tàn níwájú bàbá rẹ bí wọ́n bá ń wa mọ́tò. Wọ́n ní ọ̀ṣọ́ ni, mo ní ó mà dára o. Nígbà tó wá ń yọ ojú wọn lẹ́nu, mo gé báńdéèjì lẹ̀ mọ́ ọn. A ò mọ̀ pé igbe ló ń ké. Kò pẹ́ ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ ìwàkíwà, á sáré díẹ̀, á máa gbọ̀n, á kú sáàárín ọ̀nà, á tún jí nígbà tó bá wù ú. Akínyẹlé, mẹkáníìkì wa ní Ìkẹ́rẹ́, tú u wò, ó ní àpótí kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, bíréènì-bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnì ìgbà tó yẹ kó mu epo. Ó ní ó ti ń kú lọ, òmíràn ni kí a wá. Mo ní kó kọ́kọ́ fún un lóògùn ná. Ó ní kì í gba oògùn.

Ìyá tó ń ṣètò oúnjẹ nílé-ẹ̀kọ́ náà sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí gaàrí wa kò bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, Adégbóyèga ni òun máa gbé iṣẹ́ náà fún. Adégbóyèga yìí, tí mọ́tò rẹ̀ kò ní ọpọlọ kankan, tó sì ń rìn geere!

Ìdí nìyẹn tí èmi àti Bùsọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù fi gun òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fóònù rẹ̀, torí pé ibẹ̀ nìkan ni ó ti máa ń gbọ́ràn. Mo gbé fóònù sókè, mo kọ ojú rẹ̀ sí ulé kí o lè rí mọ́tò níbi tó kú sí. Ìwọ wá ń bi mí pé irú mọ́tò wo ni, ọdún wo ni wọ́n ṣe é, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Bùsọ́lá ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni pé o gbọ́ tiwa, n kò ní purọ́ mọ́ ọ. Ọpọlọ náà dé nínú páálí, awakọ̀ tó ń ná Èkó sí Àkúrẹ́ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni o fi ránṣẹ́, wọ́n yọ ọ́ lára mọ́tò mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ wà. Ògoolúwa, ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Ṣé mo fi òkìrìkà wọ̀ ọ́ rí láìfọ̀ ọ́? Gbogbo ṣòkòtò tòkunbọ̀ tí o wọ̀ dàgbà, inú omi iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rẹ ẹ́ sí, n ó fọ̀ ọ́, n ó sá a sóòrùn, kó tó kan ara rẹ, torí a ò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ kú. Ìwọ wá mú ọpọlọ mọ́tò tí a kò mọ̀ rí, bóyá jàǹbá ló pa á, tó ń rùn fún epo, tí ìdọ̀tí bò, o ní kí wọ́n kì í bọ mọ́tò bàbá rẹ bẹ́ẹ̀! Ìwà ọ̀bùn wo nìyẹn?

Mo ṣe ohun tó yẹ kí ìyá ṣe. Kí Akínyẹlé tó dé, mo ti rẹ ọpọlọ náà sínú omi iyọ̀, mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, mo fi kànìnkànìn ha á tinú tẹ̀yìn, pàápàá àwọn ihò tí wáyà ń gbà wọlé. Omi dúdú tó jáde, bí o bá rí i, ojú á tì ọ́. Mo sá a sórí ẹní tí a ń sá kòkó sí, mo ń yí i bí mo ti ń yí kòkó, títí tó fi ń dán. Mo gbàdúrà lé e lórí, mo dá a padà sínú páálí.

Akínyẹlé fi í sí i. Bàbá rẹ yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ò tilẹ̀ wúkọ́. Iná tó ń ké igbe gan-an ò tàn. Akínyẹlé tú àpótí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òórùn ọṣẹ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin yìí ká ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní omi kì í kàn án rárá. Mo bi í pé ṣé orí tirẹ̀ kì í kan omi ni? Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ilé ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ti ń jẹun. Èmi Victoria! Èmi tí mo ti ń gún uṣu fún ọkùnrin yìí kí n tó bí ọ! Ọ̀kadà ni wọ́n ń fi gbé àpò gaàrí lọ sí ọjà Ìkẹ́rẹ́ báyìí, pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọn kì í sì í bi mí bóyá mo ní òróró tí mo lè fi pa á fún wọn. Èmi nìkan ni mo ń jókòó ti iyán tó ti tutù. Ó dùn mí, Ògoolúwa. Ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ.

Má pè mí lórí fóònù láti sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹni tó fi ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ ló jẹ̀bi. Wá owó, kí o ra ọpọlọ mìíràn kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé. Má fi owó náà sí báńkì, torí àwọn ará ibẹ̀ ní kí n mú fọ́tò wá kí n tó gba owó ọmọ mi, bí ẹni pé fọ́tò ló bí ọ. Má sì tún fi rán awakọ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá. Bí o bá jókòó sídìí tábìlì, bàbá rẹ á jókòó, mo mọ̀ wọ́n. Wá bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀nà á là fún ọ, o ò ní pàdé aburú lójú pópó, ohun tí o bá fọwọ́ kàn á yè, Àjàní mi. Mo ti kì ọ́ o. Tètè máa bọ̀ ní ulé. Eruku ọ̀nà Èkó pọ̀, n ó ti gbé omi kaná dè ọ́. Ìkòkò ńlá ni n ó lò, kó lè tó ìwọ àti ọpọlọ tuntun náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Victoria