Ewúrẹ́ Ti Jẹ Ìbòjú Àwọn Ọmọ Kíláàsì Rẹ

Qàwíyyàt, ìwọ tíṣà oníṣẹ́ ọnà,

Mo ti lọ sí ìlú Ara. Àwọn ìbòjú bébà tí o kó sá sẹ́yìnkùlé de alábẹ̀wò tó ń bọ̀ wá sí iléèwé yín lónìí, ewúrẹ́ ti jẹ wọ́n. Ta ló ń fi ẹ̀kọ mímu tí mo ti da ṣúgà sí lẹ bébà? Tíṣà lásán! Mò ń lé ewúrẹ́ náà, mò ń kọrin:

Ó jẹ ojú, ó jẹ etí,
ó ku imú, ó tún ń wò mí!

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹyọ kan ni mo rí gbà, ó wà lórí àpótí. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó mu àgbo kíkorò. Bí alábẹ̀wò bá béèrè ìyókù, fa ewúrẹ́ dání. Òun nìkan ló gbádùn iṣẹ́ yín.

Ìyá rẹ àgbà